Ẹrù Ìpàgọ́ Nígbà Ọyẹ́

Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi eruku kun ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Magboro níbí, kò dìgbà tí wọ́n bá kéde kéèyàn tó mọ̀ pé àsìkò ìpàgọ́ ti dé. Kéèyàn ṣáà dúró sí etí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kó máa wo orí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Yóò rí ẹní tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn so. Yóò rí kúlà, ìkòkò irin, àga oníke àti báàgì Ghana-Must-Go tí wọ́n kì títí tí ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ ya. Èmi kì í wo ojú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹrù wọn ni mò ń wò. Bí mo bá ti rí bí wọ́n ṣe dì í, mo ti mọ̀ bóyá wọn yóò rójú sùn lóru ọjọ́ náà.

Èmi ni olórí ẹrù ìjọ wa nígbà tí agbára ṣì wà. Orúnkún kò jẹ́ kí n máa bá wọn lọ mọ́, àwọn ọmọ sì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí àwa bá lọ ni ìmọ̀ náà yóò bá wa lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí èmi kò ní í kánjú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí márosẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti Èkó ń lọ Ìbàdàn, bí kò bá gba Ìkòròdú já sí Ṣàgámù, yóò gba Ọ̀tà àti Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kó tó wá kọjú sí Ìbàdàn. Ọdún 1978 ni ìjọba ṣí márosẹ̀ tí gbogbo ayé ń gbà báyìí. Oko ni gbogbo ìhín tẹ́lẹ̀: oko ẹ̀gẹ́, oko ọ̀pẹ, àti oko ìrẹsì Ọ̀fadà tí ẹnu gbogbo èèyàn mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn ìjọ tí Èkó ti há mọ́ rí i pé ilẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ wà níbí. Ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ tiwọn, tí à ń pè ní Káǹpù, lẹ́bàá Mowe ní ọdún 1983. Àwọn MFM ní Prayer City, àwọn Deeper Life ní ibi ìpàdé ńlá tiwọn lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn Mùsùlùmí kò gbẹ́yìn: NASFAT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1995, ní ibùdó sí Asese. Bí ọ̀nà oko ṣe di ọ̀nà àdúrà nìyẹn. Ibi tí àdúrà bá sì ti gba òru mọ́jú, ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ ẹrù tí mo ní, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ìfọ̀ ni wọ́n bí mi sí, fèrè reluwé ni a sì fi ń mọ àkókò níbẹ̀. Ọdún 1896 ni àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Ìfọ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò, èrò kì í sì í wọ́n ní ibùdókọ̀ wa. Gààrí àti láfún ni màmá mi máa ń kó lọ tà ní Èkó. Reluwé kì í dúró de ẹni tó bá ń tú ẹrù wò. Bó bá ti dúró, àwọn aláàárù á sáré, àwọn ìyá á máa pariwo, ẹni tí kò bá tí ì dì parí, títí ọkọ̀ mìíràn ni yóò jókòó sórí ẹrù rẹ̀.

Màmá mi kì í pariwo. Láti alẹ́ àná ni ó ti dì. Ó ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá dé ibùdókọ̀ kó tó máa wá okùn, okùn ló máa rà lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ kó lọ." Àwọn nǹkan mẹ́ta ni ó fi yé mi, tí mo sì lò títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Èkíní, ohun tó bá wúwo ni kó wà nísàlẹ̀, kó sì sún mọ́ àárín, kí ẹrù má baà wọ́ sápá kan. Èkejì, ohun tí o máa kọ́kọ́ lò ni kó o dì kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, fi àmì sí i. Aṣọ pupa tó fà ya wẹ́wẹ́ ni ó máa ń so mọ́ ọrùn àpò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ní ibùdókọ̀ reluwé Ìdó ní Èkó, tí àpò gààrí bá wà nílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da yanrìn, gbogbo rẹ̀ ló jọra. Bó bá ní ẹyin adìyẹ láti kó lọ, inú gààrí ni yóò rì í sí, ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹyin má fara kan ẹyin. N kò rí i kí ọ̀kan fọ́ rí.

Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá, mo sì ń gbé Múṣin. Ibẹ̀ ni mo ti dara pọ̀ mọ́ ìjọ Redeemed. Ìjọ náà ti pẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀: ọdún 1952 ni Bàbá Josiah Akindayomi dá a sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá sùn nínú Olúwa ní 1980, Bàbá Enoch Adeboye ló gba ipò náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsìn òru tí wọ́n ń pè ní Holy Ghost Service, ìyẹn òru ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àpéjọ ọdọọdún tún wà ní oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà ni ti oṣù Kejìlá dé, tó ń gba ọjọ́ mélòó kan. Pásítọ̀ wa gbọ́ pé iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni mò ń ṣe, ó ní, "Bàbá Táíwò, ọwọ́ yín ni ẹrù wà." Mi ò tilẹ̀ jiyàn.

Ẹrù oṣù Kẹjọ àti ẹrù oṣù Kejìlá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti oṣù Kẹjọ, omi ni ọ̀tá wa. Ilẹ̀ Káǹpù nígbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ lónìí, tó ní títì, iná àti ilé ìfowópamọ́. Igbó ni, ẹrẹ̀ sì pọ̀. Tápólì, bàtà rọ́bà àti ọ̀rá tí a fi ń wé aṣọ ló ṣe pàtàkì. Ti oṣù Kejìlá, òtútù àti eruku ni. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á sán, imú á gbẹ. Òrí gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo báàgì, àbóníkì náà gbọ́dọ̀ wà. Ọdún kan wà tó yàtọ̀, ìyẹn 1998, tí àpéjọ oṣù Kejìlá wáyé ní etíkun Lẹ́kí. Níbẹ̀, yanrìn ló gba ipò eruku, afẹ́fẹ́ òkun kò sì jẹ́ kí òru tutù bíi ti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó di ẹrù ọyẹ́ wá sí Lẹ́kí lọ́dún náà, súwẹ́tà ni wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí.

Ohun tó ṣòro jù lọ nínú iṣẹ́ mi ni láti mú kí ará Èkó gbà pé òtútù wà. Èkó jókòó sétí omi. Bí oòrùn bá wọ̀, omi ọ̀sà àti ti òkun kò jẹ́ kí ooru tètè lọ. Ilé há mọ́ra, ògiri bíríkì sì ti gba ooru ọ̀sán sínú. Ṣùgbọ́n ní gbalasa lẹ́bàá Mowe, lóru oṣù Kejìlá, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run, atẹ́gùn gbígbẹ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án ló sì ń bọ́ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí ni ó máa ń burú jù. Ìrì á sẹ̀, ẹní á tutù. Mo ti rí gende tó wá pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, tó fi búbá ìyàwó rẹ̀ wé orí kí ilẹ̀ tó mọ́. Òru ò mẹni ọ̀wọ̀.

Oúnjẹ ni àwọn èèyàn máa ń rántí. Wọn á kó búrẹ́dì, wọn á kó mílíìkì, sàdíìnì, gààrí, ṣúgà, ata díndín, ẹran díndín, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú. Bí mo bá wá bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ ó tẹ́ sábẹ́?", wọn á ní, "Ẹní." Bí mo bá bi wọ́n pé, "Kí ni ẹní náà yóò jókòó lé?", wọn á máa wò mí. Òtútù tó ń bọ̀ láti òkè, aṣọ ìbora lè kápá rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ ló ń wọ inú eegun. Páálí ni mo fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Níbi iṣẹ́ mi, páálí ńláńlá tí ẹrù òkè òkun bá bá dé kì í níye, a máa ń kó wọn dà nù ni. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó ní kí n máa kó o. Mo máa ń tú u palẹ̀, kí n so ó ní ìdì-ìdì. Bí a bá dé ibùdó, a ó kọ́kọ́ gbálẹ̀, a ó ṣa òkúta kúrò, a ó tẹ́ tápólì, a ó to páálí lé e, a ó tẹ́ ẹní sórí rẹ̀, kí aṣọ tó wá kàn. Ẹni tí kò bá rí páálí, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni yóò tò sábẹ́ ẹní. Páálí kan lábẹ́ sàn ju ìbora méjì lókè lọ. Àwọn ìjọ tó wà nítòsí wa kọ́kọ́ ń fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè wá ní ìjọ onípáálí. Ọdún kejì, wọ́n ń tọrọ.

Báàgì Ghana-Must-Go náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1983 kan náà tí wọ́n ra ilẹ̀ Káǹpù ni ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì oníke onílà yẹn ni wọ́n kó ẹrù sí, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Ohun tí ojú wọn rí kò dára, kò sì yẹ ká máa fi ṣeré. Ṣùgbọ́n báàgì náà wúlò: ó fúyẹ́, ó ń gba nǹkan, bó bá ṣófo èèyàn lè ká a sí abíyá. Àìdára rẹ̀ ni síìpù. Bí wọ́n bá ti kì í jù, síìpù á já lójú ọ̀nà. Nítorí náà, n kì í gba Ghana-Must-Go kankan sínú ọkọ̀ bí wọn kò bá fi okùn dè é ní ìbú àti ní òró.

Ẹrù ìdáná ni mo máa ń fi ọwọ́ ara mi dì. Sítóòfù ní láti gbẹ kó tó wọnú ọkọ̀. A ó da kẹrosíìnì inú rẹ̀ padà sínú kẹ́ẹ̀gì, a ó nu ara rẹ̀, a ó fi ọ̀rá wé e. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì kì í sún mọ́ oúnjẹ. Igun ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń wà, lóòró, tí a so mọ́ irin, tí a sì fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí rẹ̀ kí a tó dé e pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo gáàsì lónìí lè má mọ ìdí rẹ̀. Kẹrosíìnì kò nílò kó dà sí búrẹ́dì. Kí ó ṣáà wà nítòsí rẹ̀ nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò lè jẹ búrẹ́dì náà. Ní 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ June 12, kẹrosíìnì di wúrà. Lọ́dún náà, igi ìdáná ni a dì sí abẹ́ ẹní. Gíláàsì àtùpà ńkọ́? Aṣọ ni a fi ń wé e, a ó sì gbé e sínú ìkòkò tó ṣófo, nítorí ìkòkò irin ni ohun kan ṣoṣo tí ẹrù mìíràn kò lè tẹ̀ fọ́. Ìṣáná, a ó pín in sí ibi mẹ́ta. Ẹni tó bá kó gbogbo ìṣáná sójú kan, tí omi bá kàn án, iná ṣíṣe ti parí nìyẹn.

Ọkọ̀ wá kù. Nígbà tí a kéré, mólúè tí a háyà ló ń gbé èèyàn àti ẹrù pọ̀. Nígbà tí a pọ̀ sí i, a ń háyà lọ́rí fún ẹrù, àwọn èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń dì í, kí oòrùn tó mú. Àpò ìrẹsì, iṣu, ìkòkò àti bẹ́ǹṣì ni ó máa ń lọ sí ìsàlẹ̀. Báàgì àwọn èèyàn á tẹ̀ lé e. Ẹní, páálí àti aṣọ ìbora á wà lókè nítorí wọ́n fúyẹ́. Àdá, ọkọ́, ìgbálẹ̀, tápólì àti àtùpà ni yóò kẹ́yìn, lẹ́nu ilẹ̀kùn, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni a sábà máa ń débẹ̀, òun ni a ó kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà ni okùn: a ó gbé e gba orí ẹrù láti ọ̀tún sí òsì, a ó tún gbé e gba iwájú sí ẹ̀yìn, a ó so ó ní oríkòó tó ṣeé tú lókùnkùn. N kì í jẹ́ kí wọ́n fi wáyà di ẹrù. Okùn máa ń tẹ̀ lé ẹrù bó bá ń mì. Wáyà á máa gé ohun tó ń dè.

Láti Múṣin, Ọ̀jọ́dù Berger ni a ń gbà já sí márosẹ̀. A ó kọjá ọjà màlúù Kara, òórùn rẹ̀ nìkan á ti jí ẹni tó bá ń sùn, a ó sì kọjá afárá gígùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Magboro yìí, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch wà báyìí. Nígbà náà, igbó ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibafo ni yóò kàn, kí a tó dé Mowe. Ọ̀nà tí kò jìnnà ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàgọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè sọ ọ́ di ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹrù ni kó ṣíwájú, kí èèyàn tẹ̀ lé e.

Ọdún kan wà tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ bá onílọ́rí kan tó gba owó tí kò pọ̀, wọ́n ní kí ó kó gbogbo ohun tí a ó fi sùn, kí oúnjẹ àti èèyàn wà nínú ọkọ̀ mìíràn. A dé Káǹpù nírọ̀lẹ́. A dáná, a jẹun, a lọ sí ìsìn. Lọ́rí kò dé. Ní òru, awakọ̀ rán ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ wá pé ẹ́ńjìnnì ti kú mọ́ òun lọ́wọ́ ṣáájú Ibafo, pé ó di àárọ̀. Ọyẹ́ ọdún náà sì le. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹni tó bá ní ìró méjì lára ń bọ́ ọ̀kan, àwọn ọkùnrin ń jókòó yí iná ká bí ọdẹ.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa, tí a ń pè ní Màmá Ọlọ́bì nítorí obì ni wọ́n ń tà. Wọn kì í fi báàgì wọn sínú lọ́rí, orí itan ni wọ́n máa ń gbé e lé. Wọ́n tú u. Wọ́n mú aṣọ òfì ńlá kan jáde, wọ́n tún mú ìbora kan tó ti gbó ṣùgbọ́n tó nípọn. Wọ́n kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ méjèèjì. Èmi lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, aṣọ tiyín dà, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa fi bora?" Wọ́n fi han mí lọ́rùn wọn, ìborùn kan lásán ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí tó wà lọ́rùn mi ni tèmi. Èyí tó wà nínú báàgì, mi ò mọ ẹni tó ni ín nígbà tí mò ń dì í. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹnìkan máa nílò rẹ̀."

Láti ọdún náà, òfin méjì ni mo fi kún iṣẹ́ wa. Ọ̀kan ni pé a kì í kó gbogbo aṣọ ìbora sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo mọ́, bí onílọ́rí tilẹ̀ fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni pé kò sí báàgì tí mo máa gbà wọlé tí kò ní aṣọ kan tí kì í ṣe ti ẹni tó ni báàgì. Àwọn ọ̀dọ́ ló sọ ọ́ ní aṣọ àlejò. Wọ́n kọ́kọ́ ń kùn pé báàgì ti kún. Mo ní kí wọ́n yọ sàdíìnì méjì kúrò. Kò sí ọdún tí aṣọ àlejò kò rí ẹni tí yóò lò ó: aboyún tó wá láti ọ̀nà jíjìn, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jí báàgì rẹ̀ ní gáréèjì, àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò mọ̀ pé òtútù ń bẹ.

Ọmọ ọmọ mi kan ń kàwé ní Kánádà. Ní ọdún kan, ilé ìwé wọn kó wọn lọ pàgọ́ sórí yìnyín, ó pè mí lórí fóònù kó tó lọ. Mo rò pé ọmọ náà ti ya wèrè. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má bẹ̀rù, wọ́n ti kọ́ wa ní bí a ó ṣe di ẹrù." Mo ní kó kà á fún mi. Ó ní wọ́n ní kí àwọn má wọ aṣọ kan tó nípọn, kí wọ́n wọ èyí tó fẹ́lẹ́ léra wọn, kí wọ́n lè máa bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí òógùn bá rin aṣọ, òun gan-an ni yóò sọ wọ́n di dídì. Ó ní ohun tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ṣe kókó ju ohun tí wọ́n fi bora lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Páálí nìyẹn." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ti gbọ́ ìtàn páálí láti kékeré.

Látìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa àwọn tó ń rìn lórí yìnyín. Mo kà nípa Matthew Henson, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Maryland ní Amẹ́ríkà ní 1866. Òun ló bá Robert Peary rìn lọ sí òpin ayé lápá àríwá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 1909, wọ́n ní àwọn ti débẹ̀, àwọn méjèèjì àti ọkùnrin mẹ́rin lára àwọn Inuit, ọmọ ilẹ̀ yìnyín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá ojú ibẹ̀ gan-an ni. Ohun tó wù mí nínú ìtàn Henson ni pé òun ni ọlọ́wọ́ ẹrù. Òun ló ń kan ọkọ̀ onígi tí ajá ń fà lórí yìnyín, ó mọ ajá náà dà, ó sì gbọ́ èdè àwọn Inuit tí wọ́n ni ìmọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Inuit kì í fi ìṣó kan àwọn igi tí wọ́n dábùú ọkọ̀ wọn. Okùn awọ ni wọ́n fi ń dè é, kí ọkọ̀ lè máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí yìnyín tó rí págunpàgun, kó má baà ṣẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí gbogbo awakọ̀ tó bá mi jà nítorí wáyà. Awọ ẹranko onírun ni wọ́n sì ń tẹ́ sábẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Mo wá rí i pé ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ tutù bá ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa sọ.

Ayé ti yí. Káǹpù ti di ìlú, orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí ni Redemption City. Ẹni tó bá lówó lè gba yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹni tí kò bá ní púpọ̀ lè rí ibi tí yóò fẹ̀yìn lé. Oúnjẹ wà ní títà, omi wà, iná wà. N kò ní sọ pé tàtijọ́ ló dára jù. Ẹ̀fọn àtijọ́ pọ̀, ẹrẹ̀ àtijọ́ pọ̀, mo sì mọ àwọn tí ẹ̀yìn wọn kò tọ́ mọ́ nítorí àpò ìrẹsì tí a ń gbé. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí ohun kan lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya ilé mi kí wọ́n tó lọ. Báàgì wọn dára, ó ní kẹ̀kẹ́ lábẹ́. Bí wọ́n bá ṣí i, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, tiwọn ni: fóònù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, aṣọ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bàtà mẹ́ta. Kò sí ohun tí wọ́n dì fún ẹni tí wọn ò tí ì pàdé. Nígbà tí a ń kó ẹrù pọ̀, dandan ni kí o ronú nípa ẹlòmíràn, nítorí sítóòfù rẹ ni yóò se oúnjẹ rẹ̀, ẹní rẹ̀ ni ìwọ náà yóò sì sùn lé. Báyìí tí kálukú ń dá dì, ẹni tó bá fẹ́ ronú nípa ẹlòmíràn ní láti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Òru gbalasa kò tí ì yí padà ní tirẹ̀. Oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣì ń jókòó sí ìta títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ìdájí ṣì ń mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ó gba iwájú ilé wa kọjá lọ́dún yìí, ì báà jẹ́ Káǹpù ni ẹ ń lọ, ì báà jẹ́ Prayer City, ì báà jẹ́ Asese lọ́dọ̀ àwọn NASFAT, mo bẹ̀ yín: ẹ dì í láti alẹ́ àná. Ẹ fi ohun tó wúwo sísàlẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ kí ẹ tó rántí ẹran díndín. Bí báàgì bá sì ti kún, ẹ yọ bàtà kan kúrò, kí ẹ fi aṣọ àlejò sí i. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má jókòó dúró títí ẹnìkan yóò fi wá tọrọ rẹ̀. Láti aago mẹ́ta òru, ẹ dìde, kí ẹ máa wá ẹni tó ni ín.